Ọjọ́ Orí Bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di ọ̀rọ̀ àsọrẹ́rìn-ín ní ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ọ̀rọ̀ náà ni “ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù”. Bí a bá bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi bọ́ọ̀lù wá oúnjẹ pé ẹni ọdún mélòó ni, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì dá ìbéèrè náà padà pé: “Èwo ni ẹ ń béèrè, ti ilé ni tàbí ti bọ́ọ̀lù?” Àwọn tí ó yí i ká yóò bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yóò sì tán síbẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí ó tán síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ bí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá ní ọjọ́ ìbí méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì irọ́ ni, irọ́ náà sì ní ẹni tí ó ń pa lára. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀yin gan-an ni irọ́ náà ń jà lólè, bí ọ̀pọ̀ nínú yín kò tilẹ̀ mọ̀.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń lé e. Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù kò dà bí iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí iṣẹ́ olùkọ́. Àgbẹ̀ lè máa roko títí di àádọ́rin ọdún. Olùkọ́ lè máa kọ́ni títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ jẹun kì í sábà kọjá ọdún 35 kí ẹsẹ̀ náà tó kọ iṣẹ́ fún un. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Yúróòpù mọ èyí dájú. Wọ́n ń ra agbábọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ti ń ra ọjà tí yóò tún tà. Ọdún tí ó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, wọn kò ka èyí tí ó ti lò sí. Ọmọ ọdún 18 tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ọjà gidi ni. Ọkùnrin ẹni ọdún 24 tí ó mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọn a ní ó ti pẹ́ jù. Láti ọdún 2001 ni òfin FIFA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù káàkiri ayé, ti kà á léèwọ̀ kí a mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà yọ̀ǹda. Nítorí náà, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 géérégé ni àwọn aṣojú ń wá kiri. Bí wọn kò bá rí i, wọn a ṣe é.

Ṣíṣe rẹ̀ kò sì le. Òfin tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà pé kí a máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a bí sílẹ̀ jáde ní ọdún 1992, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni a ń bí ní ìletò àti ní abà tí akọ̀wé ìjọba kankan kò gbúròó wọn. Kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ má bàa pàdánù ẹ̀tọ́ wọn, a gbà kí òbí tàbí ìbátan lọ sí ilé-ẹjọ́ láti fi ìbúra sọ ọjọ́ tí a bí wọn. Àánú ni a fi ṣe ètò yìí. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ti sọ ọ́ di ojú ọ̀nà fún olè. Ẹ̀gbọ́n bàbá a lọ sí kóòtù, a gbé ọwọ́ sókè, a sì búra pé ọdún báyìí ni a bí ọmọ náà. Akọ̀wé kóòtù kò sí níbi ìkómọ; kò jẹ nínú oyin, kò tọ́ nínú iyọ̀ ọjọ́ náà wò. Ohun tí a bá wí fún un ni ó ń kọ. A lu òǹtẹ̀ sí ìwé, láti inú ìwé kan ṣoṣo yìí ni ìwé ìrìnnà yóò sì ti jáde, tí ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún yóò fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọdé.

Ẹ wá wò ó bí irọ́ yìí yóò ti rí bí a bá gbìyànjú láti pa á ní Ìjàgbà. Ní ẹkùn Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹgbẹ́ ni a fi ń mọ ọjọ́ orí ẹni kí ìwé tó dé. Iná lè jó ìwé, ikán sì lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹni ń bẹ láàyè: àwọn tí a jọ kọ́ ìrìn, tí a jọ wẹ̀ nínú odò, tí a jọ ru koko láti oko wálé. Gbogbo ìyá tí ó wà ní àdúgbò ni ó mọ ọmọ tí ó wà lẹ́yìn òun nígbà tí a bí ọ. Bí ọmọkùnrin kan ní Ìjàgbà bá jí ní òwúrọ̀ ọ̀la, tí ó sì kéde pé òun kì í ṣe ẹni ọdún 22 mọ́, pé ọdún 17 ni òun, ìyá arúgbó tí ó gbẹ̀bí rẹ̀ yóò béèrè bóyá ibà ni ó ń ṣe é. Nítorí náà, a kì í pa irọ́ náà nílé. Ó di Ifọ́n, ó di Àkúrẹ́, ó di Èkó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹgbẹ́ ẹni, kí a tó lè là á lójú. Èyí nìkan tó láti fi mọ irú ohun tí ó jẹ́. Ohun rere wo ni a ní láti gbé sá fún àwọn tí ó bí wa kí a tó lè ṣe é?

Láàrin àwa Yorùbá, ọjọ́ orí kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Òun ni ó ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní àpèjọ, ẹni tí yóò gbé ẹrù, ẹni tí yóò mú ẹran tí ó tóbi, àti ẹni tí a kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹni tí ó gé ọdún 5 kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀ ti sọ àbúrò rẹ̀ di ẹ̀gbọ́n. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí ìyá kan náà bí ọmọ méjì, tí àbúrò sì fi ọdún méjì ju ẹ̀gbọ́n lọ nínú ìwé ìjọba. Ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ta? Ẹ̀gbọ́n tí ó bá ti fi òǹtẹ̀ kóòtù sọ ara rẹ̀ di kékeré, kí ó má bínú bí àbúrò rẹ̀ bá ní kí ó lọ pọn omi wá.

Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì dúró lórí ọdún nìkan. Bí ìwé ti ẹni kò bá ṣe é tún ṣe, wọn a wá ìwé ẹlòmíràn tí ó kéré sí wọn, wọn a sì gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀. Àwọn baba wa ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó bọ́ ìjánu yìí sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni mo mú, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé mo ń tú àṣírí ilé. Ní orílẹ̀-èdè Bràsíl ni a bí i, ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, orúkọ tí a sì sọ ọ́ ni Luciano Siqueira de Oliveira. Ní ọdún 1998 ó dé ilẹ̀ Ítálì, ó wọ ẹgbẹ́ Bologna, ṣùgbọ́n kì í ṣe Luciano ni ó dé ibẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Eriberto ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1979 ni a sì kọ pé a bí i. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Chievo, ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìlú Verona, tí kò tíì dé ìpele gíga jù lọ ní Ítálì rí. Ní ọdún 2001 wọ́n gòkè, ní òpin sáà àkọ́kọ́ wọn níbẹ̀ wọ́n ṣe ipò karùn-ún, gbogbo ènìyàn sì ń pariwo Eriberto tí ń fò bí ẹyẹ ní etí pápá.

Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dìde dúró, wọ́n ń fi ohùn kan pe orúkọ, orúkọ náà kì í sì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ń pè. Ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ayé yọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń yìn. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá bímọ, orúkọ ìdílé ta ni yóò fún ọmọ náà? Bí ó bá kú sí ìdálẹ̀, ìyá ta ni wọn yóò ránṣẹ́ sí? Àwa tí a ń ki ọmọ ní oríkì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí a gbà pé orí ẹni ń jẹ́ orúkọ mọ́ ẹni lára, ó yẹ kí a mọ̀ ju àwọn ará Ítálì lọ ohun tí ọkùnrin náà sọ nù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, ó jáde fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́: òun kì í ṣe Eriberto, Luciano ni òun, òun sì dàgbà ju bí ìwé ti wí lọ. Wọ́n jẹ ẹ́ níyà, wọ́n ní kí ó má gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà kan. Ó gba ìyà náà. Nígbà tí ó parí, ó padà sórí pápá, ó ń jẹ́ Luciano, ó sì wà ní Chievo títí ó fi ju ẹni ọdún 35 lọ. Ọdún tí ó bẹ̀rù pé yóò pa iṣẹ́ òun run kò pa á run.

Nísinsìnyí mo gbọ́ ohùn àwọn tí ń gbèjà irọ́ náà. Wọ́n ní: “Ta ni a pa? Ta ni a jà lólè? Ìwé lásán ni a yí padà.” Ìdáhùn mi rèé. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní tòótọ́. Ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. Èjìká rẹ̀ kò tíì gbòòrò. Ó mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ agbára ọmọdé ni. Ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 22, tí ìwé rẹ̀ pè ní ọmọ ọdún 16. Àgbà náà fi èjìká gbún un, ó ṣubú. Ó sá tẹ̀lé e, kò bá a. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka orúkọ àwọn tí a yàn, wọn kò dárúkọ ọmọ náà. Wọ́n sọ fún un pé kò lágbára tó. Ó rin ọ̀nà ilé padà, ó sì gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò tó, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó borí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí àgbà náà jí kò ti ojú ọ̀run wá. Àyè ọmọ yìí ni ó ti mú un. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, àwọn baba wa ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí pápá bọ́ọ̀lù wa, ọmọ ni a ń di igbá náà rù.

Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn àgbàlagbà tí ó wà létí pápá mọ̀. Olùkọ́ni mọ̀. Ẹni tí ó kó wọn wá mọ̀. Mo ti dúró rí níbi tí irú olùkọ́ni bẹ́ẹ̀ ti ń pe agbábọ́ọ̀lù kan tí ìwé rẹ̀ kò ju ọmọdé lọ ní “Bàbá Ìbejì”, tí oníkálùkù sì ń rẹ́rìn-ín. Ìbejì náà wà nílé ní tòótọ́.

Wọ́n tún ní: “Gbogbo ayé ní ń ṣe é.” Bí gbogbo ayé bá ń ṣe é, èé ṣe tí ìyà rẹ̀ fi jẹ wá tó báyìí? Ní ọdún 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kan ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1988 kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn ní ìdíje ìṣáájú mu. Wọ́n lé Nàìjíríà kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì. Ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí ó wáyé ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1991, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e fún Pọ́túgàl. Àwọn ọmọ Pọ́túgàl, tí Luís Figo àti Rui Costa wà lára wọn, sì gba ife náà lójú àwọn ará ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ta ni ó san gbèsè irọ́ yẹn. Àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn ṣe ségesège ti kọjá, ìdíje tiwọn ti parí. Àwọn tí kò ì tíì ṣẹ̀ ni a tì ìlẹ̀kùn mọ́: ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní tòótọ́ ní ọdún 1990, tí ó ń sùn tí ó ń jí lórí ìrètí pé òun yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ baba òun níwájú ìyá òun. Àwọn kan jẹ èso àjàrà kíkan, eyín àwọn mìíràn ni ó kan.

Ọgbọ́n àwọn tí ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù náà kò sì dúró sójú kan. Ní egungun apá, ní ìtòsí ọrùn-ọwọ́, àlàfo kan wà níbi tí egungun ti ń gùn sí i nígbà tí ènìyàn ṣì ń dàgbà. Bí ọmọ bá ti ń tó ìwọ̀n ọdún 17 sókè, àlàfo náà a máa pa dé, egungun méjèèjì a sì so pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MRI lè ya àwòrán ibẹ̀ láì gé awọ ara. Bí àlàfo náà bá ti pa dé pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni náà ti kọjá ọdún 17, ohun yòówù tí ìwé rẹ̀ ìbáà wí. Ní ọdún 2009, nígbà ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nínú ìdíje náà, Nàìjíríà tiwa gan-an ni ìdíje yẹn sì ti wáyé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó múlé gbè wá, Samuel Eto'o tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ ní kí wọ́n yẹ ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ 30 tí a kó jọ wò. Mọ́kànlélógún nínú wọn ni egungun wọn tako ìwé wọn. Akọ̀wé kóòtù lè gba ìbúra gbọ́. Egungun kò gbọ́ ìbúra.

Àwọn kan rò pé bí a bá sọ òtítọ́, a kò ní lè borí mọ́. Ìtàn tiwa dá wọn lóhùn. Ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Nàìjíríà ti gba ife àgbáyé ti àwọn ọmọdé, ní ọdún 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Ife Àgbáyé ti àwọn àgbà, a kò tíì rékọjá ìpele àwọn ẹgbẹ́ 16 rí. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Mo kàn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò fi nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì ronú. Kí ó sì tún kíyèsí i pé méjì nínú ife márùn-ún náà, ti 2013 àti ti 2015, wá lẹ́yìn tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ egungun wò. Victor Osimhen tí ó gbá góòlù 10 sáwọ̀n ní ọdún 2015, òun kan náà ni ó gbá 26 wọlé nínú sáà 2022 sí 2023 ní Ítálì, nígbà tí Napoli gba ife ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọdún 33, tí a sì fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà ní ọdún 2023. Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà ọmọdé ni ó ń ní àgbà láti dà.

Ẹ̀bi tí n kò lè dárí jì wọ́n sì wà síbẹ̀. Wọ́n ti sọ gbogbo ọmọ Áfíríkà di ẹni tí a ń fura sí. Ní ọdún 2014, ọmọ Kamẹrúùnù kan tí ń jẹ́ Joseph Minala wà ní ẹgbẹ́ Lazio ní ìlú Róòmù, ọmọ ọdún 17 sì ni ìwé rẹ̀ wí. Ojú rẹ̀ dàbí ti ẹni tí ó dàgbà díẹ̀, bí ojú àwọn ọmọ kan ti máa ń rí nílé-ẹ̀kọ́ yín náà. Ìròyìn kan jáde pé ẹni ọdún 41 ni. Ọdún mọ́kànlélógójì! Àwọn ènìyàn káàkiri ayé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ítálì ṣe ìwádìí, wọn kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rántí ìdáláre? Ẹ̀rín náà ni wọ́n rántí. Àwọn òpùrọ́ tí ó ti ṣáájú ọmọ náà kọjá lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rín náà rọrùn fún ayé láti rín.

Mo dé ibi àwíjàre kan ṣoṣo tí mo kà sí, èyíinì ni ti ebi. Wọ́n ní: “Ìwọ tí o jókòó sórí àga tí o ń kọ̀wé, ṣé o mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò ìyá ọmọ náà?” Mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọkùnrin kan lè gbé gbogbo ilé rù lórí ẹsẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tí a gba àyè rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọmọ ọba ni òun? Ìkòkò ìyá tirẹ̀ náà ṣófo. Irọ́ náà kò fi oúnjẹ kan kún oúnjẹ ayé. Ó kàn gbé e láti inú àwo ilé kan lọ sí ti ilé kejì ni, ó sì máa ń jẹ́ pé ẹni tí ó gbé e ni ó kọ́kọ́ bù ú jẹ. Nítorí aṣojú tí ó tún ọjọ́ ìbí rẹ ṣe kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá yóò ti ta ilẹ̀ oko koko kí ọmọ tó rí ìwé ìrìnnà. Bí ọmọ bá sì dé òkè òkun tán, aṣojú náà nìkan ni ó mọ iye ọdún rẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè owó rẹ̀, aṣojú yóò rán an létí ohun tí òun mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ irọ́ tí o fi ń jẹun ti di ọ̀gá rẹ títí ayé, o kò sì lè pè é lẹ́jọ́, nítorí orúkọ tí o fẹ́ fi pè é lẹ́jọ́ gan-an, irọ́ ni.

Ara pàápàá kò ní gbà. Nígbà tí ìwé bá sọ pé agbábọ́ọ̀lù náà pé ọdún 28, tí ó yẹ kí agbára rẹ̀ wà ní góńgó, eékún rẹ̀ ti pé ọdún 34. Wọn yóò bi í pé kí ló dé tí kò fi lè sáré mọ́, kò sì ní rí èsì fọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn nínú yín ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ bí ó ti ń kàwé yìí: “Mo ti pé ọdún 19, mo ṣì wà ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò tíì rí mi, bí n kò bá gé ọdún mi, ẹ̀pa kò bóró mọ́.” Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí a bí ní ọdún 1952, kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn, kò sì torí bọ́ọ̀lù sọ ìwé nù. Ó ti di ẹni ọdún 24 nígbà tí Shooting Stars ti Ìbàdàn na Tonnerre ti Yaoundé ní góòlù 4 sí 1 ní ọdún 1976, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife kan ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta ọdún 1980, ní Sùúrùlérè, ẹni ọdún 27 ni nígbà tí ó gbá góòlù méjì sáwọ̀n Àlgéríà, tí Múdà Lawal, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì rí, sì fi ẹ̀kẹta lé e, tí ilẹ̀ wa fi gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Rashidi Yekini, ọmọ Ìrà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí a bí ní Kàdúná ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta kí ó tó lọ sí Abidjan ní ọdún 1987. Kò dé Pọ́túgàl títí di ọdún 1990, nígbà tí ó ti ń lọ sí ẹni ọdún 27, ọjọ́ orí tí àwọn oníṣòwò ọmọ ń pè ní àkísà. Ní ọdún tí ó pé ẹni ọgbọ̀n ọdún ni a fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ oyè náà. Nínú sáà yẹn, 1993 sí 1994, góòlù 21 ni ó gbá wọlé fún Vitória Setúbal, ẹnikẹ́ni ní gbogbo ilẹ̀ Pọ́túgàl kò sì gbá tó o. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni ní ìlú Dallas, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1994, nígbà tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá rí nínú Ife Àgbáyé sáwọ̀n Bùlùgáríà, tí ó sáré wọ inú àwọ̀n, tí ó di àwọ̀n náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tí ó sì sunkún.

Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, ní Amẹ́ríkà kan náà, Kamẹrúùnù pàdé Rọ́ṣíà. Wọ́n na Kamẹrúùnù ní góòlù 6 sí 1 lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó gbá ẹyọ kan ṣoṣo yẹn wọlé ni Roger Milla, tí a bí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1952. Ẹni ọdún 42 ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì ṣe kà á.